Ẹ Má Ṣe Fi Àtúnṣe Fọ́tò Gba Àkókò Ilé Yín

Bí ayàwòrán bá ti ibi ìgbéyàwó dé pẹ̀lú fọ́tò 800, tí ó sì ń lo ìṣẹ́jú 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 40 ni yóò fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà wo ni yóò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀? Nígbà wo ni yóò wo iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ? Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ; ètò ni kò sí.

Lightroom, tí Adobe gbé jáde ní 2007, lè dín wàhálà yìí kù.

Èkíní, ẹ ṣà wọ́n kí ẹ tó tún wọn ṣe. Ẹ tẹ P fún èyí tó dára, X fún èyí tí kò dára. Bí 200 bá kù, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ 600.

Èkejì, ẹ tún ẹyọ kan ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọn tí ẹ yà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ Sync. Àtúnṣe kan yóò kárí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ti inú gbọ̀ngàn tún ti inú oòrùn ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fọ́tò sí ibòmíràn kí ẹ tó pa èyíkéyìí rẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó kì í padà wá.

A gbà yín níyànjú: wákàtí tí ẹ bá rí gbà padà, ẹ má ṣe fi wá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ará ilé yín ni ó ni ín.