Bí 'cakes' àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe di 'Keks' lẹ́nu àwọn ará Jámánì

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ní Jámánì tó ní òun fẹ́ ra Keks, bisikíìtì ni wọn yóò nà sí i, kì í ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló bí Keks wọn àti kéèkì wa. "Cakes" ni àwọn ará Jámánì gbọ́, tòun ti "s" tó ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di orúkọ ẹyọ kan.

Ta ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀?

Hermann Bahlsen ni, oníṣòwò ọmọ Hannover. Ó ti ṣiṣẹ́ nídìí òwò ṣúgà ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ ló ti mọ bisikíìtì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Hannover ní 1889, "Cakes" ló ń kọ sára ọjà. Ní 1891, ó gbé bisikíìtì pẹlẹbẹ kan jáde, eyín 52 ló yí etí rẹ̀ ká. Ó fi Leibniz sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn ọ̀mọ̀ràn tó kú sí ìlú náà ní 1716.

Ìṣòro wá wà níbẹ̀. Bí ará Jámánì bá ṣe rí lẹ́tà ló ń pè é, nítorí náà "ká-kẹ̀s" ni ọ̀pọ̀ ń ka ohun tí wọ́n rí lára páálí. Ní 1911, Bahlsen yí i sí "Keks", kí ohun tí ẹnu ń pè lè bá ohun tí ojú ń rí mu. Nígbà tó di 1915, Duden, ìwé tí wọ́n ń tẹ̀lé lórí àkọtọ́ èdè Jámánì, gbà á wọlé. Ẹyọ kan ń jẹ́ Keks, púpọ̀ ń jẹ́ Kekse: wọ́n fi ọ̀pọ̀ lé orí ọ̀pọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò gé "s" kúrò?

Bisikíìtì kì í dá wà. Ẹni tó ń rà á, ẹni tó ń tà á, "cakes" ni gbogbo wọn ń gbọ́. Ohun kan náà ni àwọn ará Rọ́ṣíà fi ọ̀rọ̀ "rails" ṣe, irin tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá: ọ̀kan ni rels, púpọ̀ ni relsy.

Ibo ló tún dé?

Ó di keksi ní Finland, keksz ní Hungary, kiks ní Denmark, kjeks ní Norway. Bisikíìtì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní Rọ́ṣíà àti Poland, kéèkì rírọ̀ tí wọ́n po èso gbígbẹ mọ́ ni keks.

Ti Sweden ló dùn jù. Kex ni wọ́n ń kọ, àmọ́ ará Stockholm á pè é ní "kẹ̀ks", ará Gothenburg á ní "ṣẹ̀ks" ni, àríyànjiyàn náà kò sì tán. Láti inú èdè àwọn baba ńlá wọn gan-an, nínú ọ̀rọ̀ "kaka", ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú "cake" láyé àtijọ́. Kaka ṣì wà ní Sweden títí dòní, kex sì ti wá bá a, bí owó tí a yáni tó padà wálé pẹ̀lú èlé.

Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ àlejò yìí ti wọnú àkànlò èdè. Bí ẹnìkan bá ń dà wọ́n láàmú, wọn á ní onítọ̀hún ń lọ sórí Keks àwọn. Orí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.