Ojú ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ojú Kékeré fún Kọ̀ǹpútà Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí bá ènìyàn mu, ó sì bá ẹ̀rọ mu pẹ̀lú. Alùpùpù tí ó fẹ́ bàjẹ́ a máa rú èéfín. Ẹ̀rọ ìlọta tí nǹkan bá ń ṣe a máa pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà tí ó lè ṣàìsàn fún odidi oṣù kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ̀. Ẹ̀rọ náà ni kọ̀ǹpútà ìránṣẹ́ tí àwọn ènìyàn kan ń gbé sí ilé wọn lóde òní.

Lónìí, a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa bí a ṣe ń fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní ojú kékeré kan, tí yóò máa fi sọ ohun tí ń ṣe é. A ó sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ojú náà máa sọ̀rọ̀ ní èdè tí àwọn ará ilé lè kà.

Kí ni kọ̀ǹpútà ìránṣẹ́?

Àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní serveur. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ilé oúnjẹ. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì jọra: ẹnìkan béèrè nǹkan, ìránṣẹ́ lọ gbé e wá.

Kọ̀ǹpútà ìránṣẹ́ ilé jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí kì í sùn tọ̀sán-tòru. Inú rẹ̀ ni a ń kó àwòrán ìdílé, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ ọjà àti ìwé kíkà pamọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá fẹ́ rí ọ̀kan nínú wọn, yóò fi fóònù rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà láìsí okùn. Kò pọn dandan kí íntánẹ́ẹ̀tì wà.

Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni Raspberry Pi. Àjọ kan ní ìlú Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé e jáde ní ọdún 2012, kí àwọn ọmọdé lè máa fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 85, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 56. Ìwọ̀n káàdì ìdánimọ̀ ni ẹ lè fi wé. Bí ó ti kéré tó nì, a lè kó Wikipedia ti èdè Yorùbá sínú rẹ̀ pẹ̀lú ètò kan tí ń jẹ́ Kiwix, kí gbogbo ilé lè máa kà á nígbà tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ewu tí ó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Kọ̀ǹpútà tí a ń gbé sórí tábìlì ní gíláàsì ńlá tí a ń wò. Kọ̀ǹpútà ìránṣẹ́ kì í sábà ní. A gbé e sí igun ilé, iná pínnísín kan ń tàn lára rẹ̀, ó parí. Nítorí pé iná náà ń tàn, a gbà pé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta lè máa ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí a kò mọ̀.

Èkíní ni pé àyè lè tán. Nígbà tí ibi ìpamọ́ bá ti kún, àwòrán tuntun kò ní rí ibi wọ̀ sí. Ẹni tí ó rò pé àwòrán ìgbéyàwó òun ti wà ní ìpamọ́ lè pa á rẹ́ lórí fóònù, kí ó tó mọ̀ pé kò dé ibi tí ó ń lọ.

Èkejì ni ooru. Bí ooru inú Raspberry Pi bá ti dé nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kọ̀ǹpútà náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, kí ó má baà jóná. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, ara rẹ̀ lè gbóná dé ibẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un. Àwọn ará ilé yóò máa ráhùn pé ẹ̀rọ náà ti di ọ̀lẹ, wọn kò sì ní mọ̀ pé ooru ni.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ẹ̀dà lè dúró. Ẹ̀dà ni kí a tún ohun kan náà kọ sí ibòmíràn, kí ọ̀kan lè ṣẹ́kù bí èkejì bá bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣètò kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ṣe ẹ̀dà sórí dísìkì mìíràn lálaalẹ́. Bí okùn dísìkì náà bá tú, ẹ̀dà dúró. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, àfi ọjọ́ tí iná bá lọ lójijì tí káàdì ìpamọ́ sì bàjẹ́. Ọjọ́ yẹn ni a ó sáré wá ẹ̀dà, tí a ó wá rí i pé èyí tí a ṣe kẹ́yìn ti pé oṣù mẹ́ta.

Gíláàsì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ojú kékeré tí a ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni ó wà lára ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn oníṣòwò ń lò lọ́jà. Òun ni ó wà lára ẹ̀rọ ìka-iná tí a ń sanwó rẹ̀ ṣáájú. Ẹ wo àǹfààní rẹ̀: ẹni tí ó lè ka nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ yóò lọ ra iná kí òkùnkùn tó dé bá a.

Ohun tí ó wà nínú gíláàsì náà ní ìwà méjì. Ó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ àwọn èérún rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti ohun líle. Ní ọdún 1888, onímọ̀ ewéko kan tí ń jẹ́ Friedrich Reinitzer, ọmọ ilẹ̀ Austria, ń yẹ ohun kan tí ó rí nínú kárọ́ọ̀tì wò. Ohun náà yọ́ nígbà tí ooru dé ìwọ̀n 145,5, ṣùgbọ́n ó rí bàìbàì bí omi ògì. Nígbà tí ooru dé 178,5, ó mọ́ gaara. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ó tó 80 ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968, kí George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà tó fi gíláàsì tí ń lo irú ohun bẹ́ẹ̀ han aráyé. Ní 1973, ilé iṣẹ́ Sharp ti Jàpáánì ń tà á lára ẹ̀rọ ìṣirò àpò.

Bí iná mànàmáná bá kan ibì kan lára gíláàsì náà, àwọn èérún ibẹ̀ a yí padà, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ibẹ̀ a di àmì róbótó dúdú. Àwọn àmì róbótó wọ̀nyí ni a ń tò di lẹ́tà. Gíláàsì náà kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi iná kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a lè kà á lálẹ́.

Irú èyí tí a ń lò jù fún iṣẹ́ yìí ní ìlà 2. Lẹ́tà 16 ni ó gba ìlà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, lẹ́tà 32 péré ni a lè kọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó pa ara rẹ̀, kí a sì yọ okùn iná rẹ̀.

Bí a bá ra ojú tí ó ní pátákó kékeré lẹ́yìn, okùn 4 péré ni a nílò. Okùn méjì wà fún iná: ọ̀kan ń mú un wọlé, èkejì ń dá a padà. Okùn kẹta ń gbé ọ̀rọ̀. Okùn kẹrin ń lu ìlù tí ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀ lé, kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ lè jọ rìn. Ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó dá ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1982.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Púpọ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí ń lo iná fólítì 5, ṣùgbọ́n ibi tí Raspberry Pi fi ń sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà ju fólítì 3,3 lọ. Nítorí náà, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ fólítì 5 di 3,3 sáàárín wọn. Ẹni tí ó bá fojú fo èyí lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Bí ẹ bá tan án tí ẹ kò rí nǹkan kan lójú gíláàsì, ẹ má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Ìdè kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń yí díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà yóò fi hàn dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò lo ètò kan bíi LCDproc, tàbí kí ó kọ ètò kúkúrú ní èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python, èyí tí yóò máa gbé ìròyìn lọ sí ojú náà.

Ohun tí ó yẹ kí ojú náà sọ

Lẹ́tà 32 kò pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ṣòfò. Ohun 4 ni ó ṣe pàtàkì: aago, ooru, àyè tí ó kù, àti ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà kẹ́yìn. A lè pín wọn sí ojú-ewé méjì tí yóò máa pààrọ̀ ara wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ojú-ewé kìíní yóò kà báyìí:

Aago: 20:45:07
Ooru: 61 C

Ojú-ewé kejì yóò kà báyìí:

Àyè tó kù: 12%
Ọjọ́ ẹ̀dà: 14/03

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a fẹ́ fi aago ṣe, nígbà tí aago wà lára fóònù. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú, ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn kì í kúrò lójú gíláàsì níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń dé ibẹ̀. Ojú náà yóò máa sọ pé àlàáfíà ni, nígbà tí ẹ̀rọ ti kú. Ṣùgbọ́n bí aago bá wà níbẹ̀, tí ìṣẹ́jú-àáyá kò rìn mọ́, tàbí tí ojú-ewé méjèèjì kò pààrọ̀ mọ́, a ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kí a má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Kí ó sọ ọ́ ní èdè wa

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé Yorùbá mọ̀ pé ọjọ́ kì í ṣe òjò, òjò kì í sì í ṣe ojo. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀dà àti ẹ̀dá. Ilé iṣẹ́ Hitachi ti Jàpáánì ni ó ṣe ẹ̀rọ ìdarí tí púpọ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Lẹ́tà Jàpáánì àti lẹ́tà ABD ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ε ti àwọn Gíríìkì pàápàá wà níbẹ̀, tí ó jọ ɛ inú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́, kò sí ẹ̀, kò sí ṣ.

Àwọn tí ó ṣe é fi àyè 8 sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ya lẹ́tà tirẹ̀ sí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì róbótó 5 ní ìbú àti 8 ní gíga. Ẹ wo bí a ṣe lè ya ọ́:

○○○●○
○○●○○
○●●●○
●○○○●
●○○○●
○●●●○
○○○○○
○○●○○

Àmì ohùn wà ní òkè, lẹ́tà wà láàárín, àmì ìsàlẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun. Ẹ lè fi pẹ́ńsù ya ti ẹ̀ sórí ìwé onílà fúnra yín. Bí ẹ bá sì padà wo ojú-ewé kejì tí a kọ sókè, ẹ ó rí i pé lẹ́tà 8 gan-an ni a nílò láti yà fún un: À, è, ó, ù, Ọ, ọ́, ẹ̀, à. Àyè náà tó gẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ tí ó kù fún ènìyàn

Ojú kì í ṣe ọwọ́. Gíláàsì yìí kò lè so okùn tí ó tú, kò sì lè gbé ẹ̀rọ kúrò nínú ooru. Bí ooru bá ń súnmọ́ 80, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí àyè tó kù bá ti ń dín sí 10 nínú 100, ẹ wá dísìkì mìíràn. Bí ọjọ́ ẹ̀dà bá ti di ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ wo okùn dísìkì náà kí ẹ tó sùn.

Bí ọmọ yín tàbí oníṣẹ́ kan bá ń to irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ láìfi ojú sí i. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ yan àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa kà. Àwòrán yín ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, àti ìwé àwọn ọmọ yín. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn nìkan ni yóò máa mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà.