Ihò Mẹ́fà Nínú Àgbá Mílímítà 33: Ohun Tó Wà Nídìí Ariwo Rifọ́fà Tuntun

Ìròyìn kan kárí ayé àwọn olùfẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà. Smith & Wesson àti Lipsey's, alágbàtà ìbọn tó fi Baton Rouge ní ìpínlẹ̀ Louisiana ṣe ibùjókòó, ti gbé rifọ́fà kékeré kan jáde níbi ìpàtẹ SHOT Show ní Las Vegas, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Ultimate Carry ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yà méjì ló wà: èyí tó ń gba ọta .38 márùn-ún, àti èyí tó ń gba ọta .32 mẹ́fà. Àwọn olùkọ́ ìbọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí wà lára àwọn tó dámọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Irú ọjà báyìí kì í sábà dúró de ọjọ́ ìkéde rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kó ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn olùtajà ṣáájú, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí i rà lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi tí ọwọ́ bá sì ti pọ̀ nídìí ọ̀rọ̀, àṣírí kì í pẹ́ níbẹ̀. Fọ́tò kan á yọ́ jáde, nọ́ńbà ọjà kan á hàn nínú ìwé iye owó, iyàn á sì bẹ̀rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó la ẹnu. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà: ẹni tó rí fọ́tò nìkan kò lè jiyàn kọjá ohun tí fọ́tò fi hàn. Ẹ̀gbẹ́ ìbọn ni fọ́tò sábà máa ń fi hàn. Nítorí náà, ohun tí inú àwọn èèyàn kọ́kọ́ dùn sí lára Ultimate Carry ni ohun tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ihò kékeré tí wọ́n máa ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Mo máa padà sórí ihò yẹn. Àmọ́ inú àgbá ni ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù wà, èèyàn díẹ̀ ló sì ń yẹ ibẹ̀ wò.

Àgbá ni irin róbótó tó ń yí láàárín rifọ́fà, tí ọta ń jókòó sínú rẹ̀. Nínú ìbọn kékeré Smith & Wesson tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n J, tí Ultimate Carry jẹ́ ọ̀kan lára wọn, àgbá náà fẹ̀ tó mílímítà 33 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ìwọ̀n yìí ti wà láti ọdún 1950, nígbà tí rifọ́fà Chiefs Special jáde pẹ̀lú ihò márùn-ún fún .38. Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún? Kátírìjì rifọ́fà ní etí ní ìdí, òun ni kì í jẹ́ kó jábọ́ wọnú ihò. Etí kátírìjì .38 fẹ̀ tó mílímítà 11, etí méjì kò sì gbọdọ̀ gun ara wọn. Bí àwọn àgbàlagbà bá jókòó yí abọ́ àmàlà kan ká, márùn-ún lè ráyè láìfi èjìká kan èjìká. Bí ẹni kẹfà bá dé, àfi kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn kí agbo fẹ̀ sí i, tàbí kó jẹ́ pé ọmọdé mẹ́fà ló máa jókòó.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìbọn ti gbà. Colt sún agbo sẹ́yìn ní 1927: Detective Special gba .38 mẹ́fà, ṣùgbọ́n àgbá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 35. Kimber ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú K6s ní 2016. Mílímítà méjì lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìbọn sápò ṣòkòtò láti àárọ̀ di alẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀nà kejì ni ti .32, tí etí kátírìjì rẹ̀ kò ju mílímítà 9.5 lọ. Mẹ́fà rẹ̀ wọ inú mílímítà 33 yẹn láìsí wàhálà.

Àmọ́ ihò kẹfà ní owó tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ti wù mí jù. Nínú rifọ́fà, ihò tí iná máa sọ nínú rẹ̀ wà lókè, ó kọjú sí ọ̀pá ìbọn. Ohun tó ń dá àgbá dúró kó má yí kọjá àyè ni irin kékeré kan tó wà nísàlẹ̀, tó máa ń sọ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí ara àgbá lóde. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́fà, bí ọ̀kan ṣe wà lókè ni ọ̀kan wà nísàlẹ̀ gan-an. Kòtò á wá bọ́ sórí ihò, níbi tí irin ti tín-ín-rín jù lọ. Bí ihò bá jẹ́ márùn-ún, kò sí ihò tó dojú kọ ti òkè. Àárín ihò méjì ló máa wà nísàlẹ̀, níbi tí irin ti nípọn jù, kòtò á sì bọ́ síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìbọn onímárùn-ún ní agbára kan tí wọn ò fi owó kún owó kó tó ní i: òǹkà tí kò ṣeé pín sí méjì ló fún un. Àwọn ẹlẹ́rọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń sún irin ìdádúró sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ nínú àgbá oníhò mẹ́fà kí kòtò má bàa bọ́ sí àárín ibi tó tín-ín-rín náà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń bínú pé ìbọn tuntun yìí kò gba .327. Ọta .327, tí ilé-iṣẹ́ Ruger àti Federal gbé jáde ní 2007, ni ẹ̀gbọ́n gbogbo àwọn .32. Ó lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ìfúnpá tí òfin àwọn onílé-iṣẹ́ gbà á láyè láti ní nínú ihò tó páùn 45,000 lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó, nígbà tí ti .38 lásán jẹ́ 17,000. Ruger ti ṣe ìbọn kékeré LCR fún un, pẹ̀lú ihò mẹ́fà, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi ṣe ara ìbọn náà. Alumíníọ̀mù ni ara Ultimate Carry, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ìdajì kílò. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ kó fúyẹ́, kó kéré, kó gba ọta mẹ́fà, kó tún gba .327 ti béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ irin tó lè fún un ní mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ìtapadà náà ń bẹ. Òfin Newton ni: bí ìbọn ṣe ti ọta síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ọta ti ìbọn sẹ́yìn. Bí ọta bá ṣe wúwo tó, tó sì yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ṣe máa gbá ọwọ́ tó. Bí ìbọn bá fúyẹ́, ọwọ́ á jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọta .38 kan tó wọ́pọ̀ wúwo tó gíráàmù 8.4. Ọta .32 kan tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíráàmù 5.5. Ó ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta fúyẹ́ jù ú lọ, bí ìyára wọn bá sì sún mọ́ra, ìtapadà dínkù bẹ́ẹ̀. Ìbọn ìwọ̀n J tó fúyẹ́ lókìkí pé ó rọrùn láti gbé, ó sì ṣòro láti yìn. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn kì í ṣe ìdánrawò. Ẹni tí kò bá sì ṣe ìdánrawò, ọta rẹ̀ lè lọ bá ẹni tí kò rán an sí.

Ohun tí ó yẹ kí ariwo náà rán wa létí ni pé .32 kì í ṣe àlejò. Ọta .32 S&W ti wà láti 1878. Ní 1896, Smith & Wesson gbé .32 Long jáde pẹ̀lú rifọ́fà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí àgbá rẹ̀ ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ihò mẹ́fà sì ni. Ní ọdún yẹn kan náà, Theodore Roosevelt, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá New York kó tó di ààrẹ, yan Colt New Police, .32 pẹ̀lú, fún àwọn ọlọ́pàá ìlú náà. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá yí sí .38, tí .32 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé, àfi lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìbọn díje: títí di òní, .32 Long wà lọ́wọ́ àwọn eléré ìdárayá tó ń yìn ín sí àmì láti mítà 25. Ní 1984, Harrington & Richardson pẹ̀lú Federal fa kátírìjì náà gùn, wọ́n fi ẹ̀tù kún un, ó di .32 H&R Magnum. Òun ni ìbọn tuntun yìí ń gba, ó sì lè gba Long àti S&W ti àtijọ́ pẹ̀lú, nítorí kátírìjì wọn kúrú jù ú lọ, fífẹ̀ wọn sì bára mu. Àgbàlagbà tí oríkèé ọwọ́ ń dùn lè fi Long tó rọra ń gbá ṣe ìdánrawò, kó sì fi Magnum sínú rẹ̀ nígbà tó bá nílò rẹ̀.

Ṣé .32 lágbára tó láti dá ẹni ibi dúró? Ibi tí ẹ̀rí ti ń tín-ín-rín nìyí. Òṣùwọ̀n tí àwọn èèyàn máa ń lò ni ti FBI: kí ọta wọ inú jẹ́látìnì, tí wọ́n fi ń ṣojú ẹran ara, jìn tó ínǹṣì 12 sí 18, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 46. Ṣùgbọ́n jẹ́látìnì kò ní egungun, kò sì ń sá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni búra. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọta kékeré tó bá ibi tí wọ́n rán an sàn ju ńlá tó tàsé lọ, ìtapadà tó dínkù sì ń mú kí ọwọ́ dúró.

Ó wá ku ihò kọ́kọ́rọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2000, Smith & Wesson bá ìjọba Clinton ṣe àdéhùn lórí ààbò ìbọn. Inú bí àwọn oníbàárà, wọ́n sì pa ọjà rẹ̀ tì. Tomkins, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ni ín láti 1987, tà á ní 2001 ní mílíọ̀nù 15 dọ́là fún Saf-T-Hammer, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìbọn. Lábẹ́ olówó tuntun yìí ni kọ́kọ́rọ́ wọnú àwọn rifọ́fà. Láti ìgbà náà ni ihò kékeré yẹn ti di àmì ìjà òṣèlú. Àwọn kan ní kọ́kọ́rọ́ náà lè ti ara rẹ̀ nígbà tí ìbọn fúyẹ́ tó ń gbá gan-an bá ń yìn. Ìtàn irú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí òǹkà tó lè sọ bó ṣe wọ́pọ̀ tó. Ẹ má sì gbàgbé pé rifọ́fà ìwọ̀n J 442 àti 642 tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́jà ṣáájú 2024. Ohun tí àwọn èèyàn ń jó sí jù lọ kì í ṣe tuntun rárá.

Mo gbà pé ẹni tó fi ìbọn dáàbò bo ara rẹ̀ kò fẹ́ ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ní wákàtí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ní 2020, ìbọn kọjá jàǹbá ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń pa ọmọ Amẹ́ríkà ọdún 1 sí 19 jù lọ. Ìpànìyàn àti ìpara-ẹni ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ inú rifọ́fà kan kò sì lè wo gbogbo rẹ̀ sàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fi ìbọn para rẹ̀, ìbọn ilé ló mú. Ẹni tó bá ń yọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lára ìbọn rẹ̀ ti gba iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà sí ọrùn ara rẹ̀: kó ra àpótí irin, kó sì máa tì í.