KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ ILÉ: BÍ A TI Ń YAN ÀDÚGBÒ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á wo àdúgbò kí á tó gba ilé, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ ni a fẹ́ yá fi gbà á.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti fẹ́ kó ilé, ìbéèrè tí yóò máa bi gbogbo ènìyàn ni pé, "Àdúgbò wo ló dáa jù?" Ẹnìkan á ní Festac ni. Òmíràn á ní Ẹ́sítéètì Ìbà ni. Ẹlòmíràn á ní kí ó máa bọ̀ ní Igbó-Elérin níhìn-ín, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò ga tó ti Festac. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ibi tó gba ẹnìkan lè má gba ẹnìkejì. Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ irú ẹgbẹ́ tiwa. Àdúgbò tó dáa fún alájẹṣẹ́kù ni èyí tí yóò jẹ́ kí ó jẹ, kí ó sì ṣẹ́kù, kí ó lè san ẹ̀yáwó rẹ̀ padà láìsí wàhálà. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lóṣù yìí nìyẹn.

BÍ AGBÈGBÈ WA TI DI ÌLÚ ŃLÁ

Orúkọ Igbó-Elérin fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn fún wa: igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà láti ayébáyé, iṣẹ́ oko àti ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe. Láàárín ọdún díẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò lójú ọ̀nà tó lọ sí Àgbádárìgì. Títí di òní, orúkọ yẹn ni à ń pe bọ́sìtọ́ọ̀pù ibẹ̀. Ní 1977, wọ́n ṣí Trade Fair, ọdún yẹn náà sì ni àjọ̀dún FESTAC tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Festac Town. Nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande, láàárín 1979 sí 1983, wọ́n kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà. Ní 1983, wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ẹ wá fi ọjà Alaba kún un.

Iṣẹ́ wá, ènìyàn tẹ̀ lé e, ilé gba ipò igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá méjì péré ni ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń gbà jáde: ọ̀nà Àgbádárìgì tó lọ sí Mile 2, àti ọ̀nà LASU tó gba Ìgàndó lọ sí Ìyànà-Ìpàjà. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí yàrá jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, èwo ni iṣẹ́ mi wà?

ÈKÍNNÍ: NÍBO NI OÚNJẸ YÍN WÀ?

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Èkó tí ó yẹ kí á fi kọ́gbọ́n. Láti 1955, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe ìlú fún, tí wọ́n ń pè ní LEDB, gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé àtijọ́ tó há mọ́ra ní àárín gbùngbùn Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára, ó gba afẹ́fẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì tọ́. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bẹ àwọn ènìyàn náà wò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tí ó jáde ní 1961. Kí ló rí? Àwọn obìnrin ọlọ́jà ti jìnnà sí oníbàárà wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ò rí iṣẹ́ tó bí wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Àwọn ẹbí tó ti máa ń yà kí ara wọn lójoojúmọ́ kò rí ara wọn mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n rí ilé tó dáa gbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ wọn ti jìnnà.

Lóde òní, ìjọba kọ́ ló ń kó wa lọ. Àwa fúnra wa la ń fi ẹsẹ̀ ara wa lọ, nítorí pé a gbọ́ pé owó ilé kéré. Ẹ jẹ́ á ṣírò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ń ta ọjà ní Alaba. Ó rí yàrá kan nítòsí ọjà, ₦450,000 lọ́dún. Ó tún rí òmíràn lọ́nà jíjìn, ₦250,000. Ó ní òun ti jèrè ₦200,000. Ṣùgbọ́n láti ibi kejì yìí, yóò gun ọ̀kadà jáde sójú títì, lẹ́yìn náà ni yóò wọ dáńfó. Ká ní ó fi ₦1,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ lójúmọ́, lílọ àti bíbọ̀. Ọjọ́ 26 ló ń lọ sọ́jà lóṣù. ₦26,000 nìyẹn. Lọ́dún, ó di ₦312,000. Níbi tó ti ní òun jèrè ₦200,000, ó ti pàdánù ₦112,000. Bí ó bá tún lo wákàtí kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àárọ̀ àti òmíràn ní ìrọ̀lẹ́, wákàtí 52 ni lóṣù: ó ju ọjọ́ méjì odindi lọ, tọ̀sán tòru, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹ tún wo èyí: ọdọọdún ni à ń san owó ilé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ lè yí padà mọ́jú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni owó ọkọ̀ fi lọ sókè. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibi iṣẹ́ mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n jù.

ÈKEJÌ: OMI MÍMU ÀTI OMI ÒJÒ

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Oṣù Kejì ni mo lọ wo yàrá kan, ládùúgbò tí n kò ní dárúkọ. Ilẹ̀ gbẹ táútáú, ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé. Mo sanwó. Nígbà tí oṣù Kẹfà dé, omi bá mi lórí ibùsùn. Mo kó jáde, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ sì ṣì wà lọ́rùn mi fún oṣù mẹ́jọ. Mò ń san owó ilé tí n kò gbé mọ́, mo tún ń wá owó òmíràn.

Ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún lọ́hùn-ún nítòsí ọ̀sà kò ga, àbàtà sì wà níbi púpọ̀. Oṣù Kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù. Ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, tí ó ya wọ ilé káàkiri Èkó, kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ lọ wo ilé lẹ́yìn òjò ńlá. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo ara ògiri: omi máa ń fi àmì ibi tó dé sílẹ̀. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà: bí gbogbo ará àdúgbò bá to búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà, ó nídìí. Ẹ tẹ̀ lé gọ́tà títí dé òpin rẹ̀, kí ẹ mọ ibi tí omi ń lọ. Gọ́tà tí kò níbi tó ń lọ, inú ilé ni yóò padà sí.

Omi mímu ńkọ́? Ẹ bèèrè bóyá kànga ni wọ́n ń fà tàbí kànga-dẹ̀rọ, àti bóyá mẹ́ruwà ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bu omi náà sínú ike funfun, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí ohun pupa bá sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Yóò ba aṣọ funfun jẹ́. Bí ó bá ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu, ẹ ti mọ̀ pé omi rírà ni ẹ ó máa mu. Ẹ tún wo bí kànga ti jìnnà sí sáláńgá tó: bíi mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera máa ń dámọ̀ràn. Iye tí ẹ ó máa fi ra omi lóṣù, ẹ kà á mọ́ owó ilé.

ÈKẸTA: TA NI YÓÒ JẸ́ ALÁDÙÚGBÒ YÍN?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ LASU ló ń gbé ìta ilé ìwé, ní Ìbà, ní Òkòkòmáíkò àti àyíká rẹ̀. Nítorí náà, onílé ibẹ̀ kì í bẹni: ó mọ̀ pé bí ẹ̀yin ò bá gbà á, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó sì ń fẹ́ sùn lọ́sàn-án, ariwo ibẹ̀ lè má jẹ́ kó gbádùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń din àkàrà, tàbí ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, níbo ni yóò tún rí irú ọjà bẹ́ẹ̀? Ibi tó ń lé ẹnìkan ló ń pe ẹnìkejì.

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó sanwó: ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, kí ẹ rí bí ọkọ̀ ti ń ṣòro tó, ní alẹ́, kí ẹ rí bóyá iná wà àti irú àwọn tó ń dúró sí kọ̀rọ̀, àti ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá wà nílé. Ẹ má bi ejẹ́ńtì nìkan, kọmíṣọ̀n rẹ̀ ló ń wá. Ẹ bi ìyá aláta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ibí yìí ti rí tí òjò bá rọ̀?" Ìyẹn kò ní ohun tó fẹ́ tà fún yín yàtọ̀ sí ata.

ÈKẸRIN: ÌWÉ DA?

Òfin ilé gbígbé tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan agbègbè tiwa. Òfin náà ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe nótíìsì fún un. Ẹ gba agíríméǹtì, kí ẹ kà á, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló fẹ́ rà, kí ó túbọ̀ fara balẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, síbẹ̀ àwọn ẹbí ṣì ń tà á. Bí olórí ẹbí kò bá mọ̀ sí i, ẹ má sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí Alausa, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn. Ní 2016, ìjọba Èkó ṣe òfin tí ó ka fífi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ sí ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ìwé rẹ̀ wò dáadáa kò ní nílò kóòtù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì san owó ohun tí kò tíì dé. "Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀" ti gbé owó ilé àti ilẹ̀ sókè ní agbègbè yìí láìmọye ìgbà. Ní 2009 ni iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ bó ti pẹ́ tó. Òkòkòmáíkò ni wọ́n fi ṣe ìpẹ̀kun ojú irin náà nínú ètò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án, 2023, láti Marina dé Mile 2 ló ń ná. Ẹ máa fi ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ṣírò.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ilé, kí ó jọ̀ọ́ kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé kan wá: owó ilé ọdún kan, owó ọkọ̀ ọdún kan, owó omi ọdún kan, àti iye tí yóò ṣẹ́kù lóṣù lẹ́yìn tó bá san ti ẹgbẹ́. Kó tó yá owó ni kó ṣe é o, kì í ṣe lẹ́yìn tí omi bá ti wọlé. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá jẹ́ òdo, àdúgbò yẹn lè dára títí, kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó tún wá òmíràn lọ.