Ẹ̀rí Oníbàárà Nínú Ìpolówó Ilé Ìdárayá: Ohun Tó Yẹ Kí Ó Hàn, Ohun Tó Yẹ Kí A Pamọ́

Ẹni tó bá dé Pápá Ìṣeré Moshood Abiola ní ìlú Àbújá láàárọ̀ Sátidé yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n sì ń na ara wọn bí olùkọ́ eré ìdárayá ṣe ń pàṣẹ. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ilé ńlá tàbí ẹ̀rọ olówó gọbọi. Fèrè, ohùn àti fóònù ni irinṣẹ́ wọn. Nítorí pé agbára wọn kò ká ìpolówó lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n fi ń polówó: àwòrán méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí lágbájá ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bí ó ṣe rí báyìí.

Ọ̀nà náà ti pẹ́. Ní 1963 ni Jean Nidetch, ìyàwó ilé kan ní agbègbè Queens ní New York, dá ilé iṣẹ́ Weight Watchers sílẹ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù láti nǹkan bíi kílò 97 sí nǹkan bíi kílò 64. Ìtàn ara rẹ̀ ni ọjà tó kọ́kọ́ tà. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà: àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó sanra ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Ní 1993, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ márùn-ún tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti fọn, Weight Watchers sì wà lára wọn. Àjọ náà ní àwọn ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé jáde kò ṣàfihàn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà. Láti 2009, ìlànà àjọ yìí ni pé kí a kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé àbájáde lè yàtọ̀ kò tó mọ́. Olùpolówó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí oníbàárà lè retí ní gbogbogbòò.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti owó. Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé dídín ìwọ̀n ara kù ní ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni ó bójú mu. Bí ènìyàn bá rí àwòrán tí wọ́n kọ “kílò 15 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta” sí, tí tirẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ó lè yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíì àti oògùn tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti bá sibutramine nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, oògùn tí wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí ewu àìsàn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni inú àwòrán gan-an ń mu irú tíì bẹ́ẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kí olùkọ́ má sì mọ̀.

Lójú tiwa, àwòrán ikùn kọ́ ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó sì ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kù, kódà bí ìwọ̀n ara kò bá fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọba tó sọ pé òun ti ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, pé kílò mẹ́fà péré ni òun dín kù, ṣùgbọ́n òun kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ bí òun bá gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì, ti sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ lè gbà gbọ́ tí ó sì lè ṣe. Bí olùkọ́ bá ti fún un ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀rí náà, kí ó sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ta ni ó ni ìtàn náà? Òfin ìdáàbòbò àlàyé ara ẹni ti 2023 ní Nàìjíríà ka ipò ìlera ènìyàn sí ohun tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì. Òfin náà kò ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí ìyọ̀ǹda, oníbàárà sì lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà nígbàkígbà. Nítorí náà, kí olùkọ́ gba ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí, tó sọ ibi tí àwòrán yóò ti jáde, bí ojú yóò bá hàn, àti ìgbà tí yóò dópin. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 náà kò fàyè gba ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà.

Ní Àbújá, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́, àna àti aládùúgbò lè wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan náà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti wọn kílò 120 rí. Olùkọ́ lè pa àwòrán rẹ́ lójú ewé tirẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ mọ́. Èyí tí àwọn mìíràn ti fi ránṣẹ́ síra wọn kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì yẹ kí oníbàárà gbọ́ èyí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.