Ọ̀dá Kò Mọ Ààlà, Owó Ìjọba Mọ̀ Ọ́n

Bí ọ̀dá bá dá ní Amẹ́ríkà tí koríko gbẹ, ìjọba àpapọ̀ a máa san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí ń sin màlúù. Àwòrán ilẹ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò gbà á. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ya àwòrán yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń fi àmì D0 títí dé D4 sọ bí ọ̀dá ti le tó. Bí D3 bá kan igun kan péré nínú kaúńtì (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní àsìkò ìjẹko, gbogbo ẹni tí ó pàdánù koríko níbẹ̀ lè gba owó oúnjẹ ẹran fún oṣù mẹ́ta. Owó náà kò ju ìdá 60 nínú 100 ohun tí oúnjẹ ẹran ń náni. Ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó wà ní òdì kejì ọ̀nà, tí kaúńtì tirẹ̀ wà ní D1, kò ní gba nǹkan kan, bí pápá rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ ju tiwọn lọ.

Èmi kò dá àwòrán náà lẹ́bi púpọ̀. Ta ni yóò máa wọn koríko pápá kọ̀ọ̀kan? Ìdádúró ni ó burú jù. Òfin àtijọ́ parí ní oṣù September 2011, ọ̀dá ńlá dé ní 2012, ọdún 2014 ni òfin tuntun tó jáde láti san ti ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn ti ta màlúù wọn.