Ta Ló Gbé GenX Dé Inú Kànga?

Bí iléeṣẹ́ kan bá ń da kẹ́míkà sódò, báwo ló ṣe máa dé inú kànga tí odò náà kò dé?

Ní ọdún 2017, àwọn ará Wilmington ní North Carolina gbọ́ pé GenX wà nínú omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń mu. Òkè odò Cape Fear, nítòsí Fayetteville, ni iléeṣẹ́ Chemours wà. Ìsàlẹ̀ odò náà ni Wilmington. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i nínú kànga àwọn tó ń gbé yí iléeṣẹ́ náà ká. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

GenX wà lára ìdílé kẹ́míkà tí à ń pè ní PFAS. Carbon àti fluorine so mọ́ra nínú wọn débi pé wọn kì í tètè jẹrà. Bí wọ́n bá gba ihò èéfín jáde, afẹ́fẹ́ á gbé wọn lọ, òjò á rọ̀ wọ́n sílẹ̀, wọ́n á sì rì wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ náà yẹ omi òjò àdúgbò yẹn wò. GenX wà níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́? Ẹ̀rọ kan á máa fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ tó ń mú eruku, lẹ́yìn náà inú fóòmù tó ń mú èyí tó dà bí oru. Wọ́n á fi methanol fọ ohun tó lẹ̀ mọ́ wọn jáde, mass spectrometer á sì kà á. Picogram ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà 1,000,000,000,000, kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan. Torí náà, wọ́n tún gbọ́dọ̀ yẹ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò gbà kọjá wò, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ má baà parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ta ló wá ni ín? Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ló nílé. PFOS sábà máa ń tọ́ka sí ohun tó ń hó bí ọṣẹ tí àwọn panápaná fi ń pa iná epo. GenX ń tọ́ka sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú ike tó wà lára páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Bó bá pọ̀ nígbà tí ẹ̀fúùfù ń ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ bọ̀, tó sì ń dín kù bá a ṣe ń jìnnà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti hàn.

Àdéhùn tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ní 2019 mú kí Chemours kọ́ ìléru tó gbọ́dọ̀ pa ìpín 99.99 nínú 100 PFAS tó bá wọ inú rẹ̀ run. Ṣùgbọ́n ìléru kò lè fa èyí tó ti wọlẹ̀ padà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kànga yín mọ́, ẹ má wo odò nìkan. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá pẹ̀lú.